Bíréèkì Kò Mọ “Ó Tó Bẹ́ẹ̀”

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òṣogbo

  

Nígbà tí alága ní kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a ó sọ. Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nílẹ̀, a ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè ni í gba owó oṣù. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni a mú wá, pàápàá jù lọ kálípà bíréèkì, tí àwọn kan nínú wa ń fi ọwọ́ ara wọn pààrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ Àìkú.

A mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Owó kò tó, mẹkáníìkì gidi sì ń gba owó gidi. Yàtọ̀ sí èyí, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni wá. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ olówó ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní gbà pé òun kò lè tún ọkọ̀ ara òun ṣe. Àwa náà ń ṣe é. A kò wá láti sọ pé kí ẹ má ṣe é mọ́. Ohun tí a wá sọ ni pé iṣẹ́ kan wà tí a kì í ṣe ní àbọ̀, òun ni iṣẹ́ bíréèkì.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù ni Peugeot 504 àtijọ́, Pijó tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló sì ń tò ó. Ọkọ̀ yìí ló gbé bàbá wa lọ sí ibi iṣẹ́, òun ló gbé ìyàwó relé ọkọ, òun ló gbé kòkó àti iṣu. Lónìí, ní ìlú òyìnbó, àwọn olówó ń tọ́jú irú rẹ̀ fún ẹwà, wọ́n ń gbé e jáde bí oòrùn bá mú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ṣì ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nítorí náà, bíréèkì tirẹ̀ kò ní ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kálípà ń ṣe. Dísìkì irin kan wà tó ń bá táyà yí. Kálípà gun dísìkì náà bí ọwọ́ ṣe ń di abọ́ mú: páàdì kan ní inú, páàdì kan ní ìta. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì, máásítà a ti epo bíréèkì gba inú páìpù àti hóòsì lọ, epo a ti písítìnì inú kálípà, písítìnì a sì fi páàdì fún dísìkì pọ̀. Epo kì í fún pọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ táyà ní pípé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú epo, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ yín yóò máa tẹ̀, kì í ṣe bíréèkì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1902 ni Frederick Lanchester gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì dísìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pẹ́ kí ayé tó gbà á. Ní 1953, ọkọ̀ Jaguar tó ní bíréèkì dísìkì ló gba ipò kìíní nínú eré wákàtí 24 ní Le Mans, nítorí pé ó lè sáré pẹ́ kí ó tó tẹ bíréèkì, kí ó sì dúró. Iwájú gbogbo 504 ni kálípà wà. Ní ẹ̀yìn, àwọn mìíràn ní kálípà, àwọn mìíràn, irú bíi wágọ̀nù tí ń kó èrò, ní dírọ́ọ̀mù.

A ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Kì í ṣe ohun ìyangàn, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́, ẹ ó rò pé inú ìwé ni a ti rí ìmọ̀ràn wa.

Ọdún kan wà tí kálípà iwájú ọkọ̀ wa gan, méjèèjì. A ra méjì tòkunbọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Iná lọ. A tan àtùpà. Iṣẹ́ àárọ̀ ń dúró dè wá ní ọjọ́ kejì, nítorí náà a ń kánjú. Kálípà wọlé, bọ́ọ̀tì bọ́ sí ojú ihò, inú wa dùn. Ohun tí a kò rí ni pé a ti gbé ti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Wọ́n jọra, wọ́n sì wọlé láìjà. Ṣùgbọ́n nípù, bọ́ọ̀tì kékeré tí a ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde, tó yẹ kó wà lókè, dojú kọ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, òkè ló máa ń lọ. Bí a ṣe ń tú nípù nísàlẹ̀, epo lásán ló ń jáde, afẹ́fẹ́ jókòó sókè nínú kálípà bí ọba. A kò rí ìfófòó, a sọ pé ó ti mọ́.

Ẹsẹ̀ wa sọ fún wa. Bíréèkì rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ tìmùtìmù. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó le díẹ̀. A ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀, yóò le bó bá yá.”

Ní àárọ̀ Ajé, a gbéra láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà. A gbé èrò mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ aládùúgbò wa tó ń lọ sí ilé ìwé. A tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ó mú. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú dúró lójijì. A tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wa lọ sí ilẹ̀ọ́lẹ̀. A tún tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ọ́lẹ̀ náà ni. A fa bíréèkì ọwọ́, a já gíà sí méjì, a yí ọkọ̀ wọ igbó. Igi ọ̀pẹ ló dá wa dúró. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà dá.

Ìyá ọmọ náà kò bú wa. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwa, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ mi?” Ẹ̀yin ará, a kò rí ìdáhùn fún un. A mọ̀. Ẹsẹ̀ wa ti sọ fún wa láti alẹ́.

Ọwọ́ ọmọ náà ti jinná, ó ti dàgbà, ó ń kí wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá rẹ̀ kò kúrò létí wa. Òun ni ó gbé wa dìde lónìí.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ó pé? Ẹ gbọ́ ọ bí a ti ń tò ó.

Èkínní, ẹ mọ̀ bóyá kálípà ló bàjẹ́ ní tòótọ́. Bí táyà kan bá gbóná ju èkejì lọ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan, bí páàdì apá kan bá tán ju ti apá kejì lọ, tàbí bí epo bá ń jò sí inú táyà, ẹ fura. Ṣùgbọ́n hóòsì rọ́bà tó ti gbó lè wú nínú, kí ó jẹ́ kí epo wọlé kí ó má jẹ́ kí ó padà, yóò sì dà bíi pé kálípà ló gan. Ẹ gbé táyà tí kò yí náà sókè, kí ẹ tú nípù rẹ̀ díẹ̀. Bí epo bá tú jáde pẹ̀lú agbára tí táyà sì yí, epo ló há sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ hóòsì. Bí táyà kò bá yí síbẹ̀, kálípà ló gan. Ọ̀pọ̀ ti fi owó kálípà ṣòfò nígbà tí hóòsì ni àrùn.

Èkejì, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó le. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí àwọn táyà tí ẹ kò ní gbé sókè. Ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí jáàkì tó gbé e. Bí ó bá ti gòkè, ẹ má gba jáàkì gbọ́. Ẹ fi sítáńdì irin tàbí ìtì igi líle tó gbòòrò sí abẹ́ ọkọ̀. Ẹ má fi bulọ́ọ̀kù sí i. Bulọ́ọ̀kù tí a fi ń mọ ilé lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìkìlọ̀. Ẹ má ṣe ṣe é ní ẹ̀yin nìkan. Kí ẹnì kan wà nítòsí tó lè ké gbàjarè.

Ẹ̀kẹta ni eruku. Láyé àtijọ́, asbestos ni wọ́n ń fi ṣe páàdì, irú rẹ̀ sì lè wà lára ọkọ̀ tó ti pẹ́. Eruku asbestos ń fa àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pé 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó fara hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìlò rẹ̀ pátápátá ní 1999. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku bíréèkì, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tú kálípà pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má jẹ́ kí ó rọ̀ dirodiro lórí hóòsì, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ibi tó le. Nígbà tí kálípà bá ti kúrò lára dísìkì, kí ẹnikẹ́ni má tẹ bíréèkì, nítorí písítìnì yóò fò jáde. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí epo ẹ́ńjìnnì fọ ohun kankan tó ní rọ́bà. Yóò wú, yóò sì bàjẹ́. Epo bíréèkì tuntun ni kí ẹ lò.

Ẹ̀karùn-ún, iwájú méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá lágbára tí èkejì sì rọ, ọkọ̀ yóò yà lójijì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó di bọ́ọ̀tì kankan, ẹ wo nípù: òkè ni kí ó wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: “Nípù wà lókè.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yìí ì bá gba ọwọ́ ọmọ kan là. Wáṣà tuntun ni kí ẹ fi sí ibi tí hóòsì ti wọ kálípà. Ẹ di bọ́ọ̀tì dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí ẹ má fi agbára fún un títí ojú rẹ̀ yóò fi bó.

Ẹ̀kẹfà, epo. Epo bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí ó wà ní tuntun. Bí ó bá ti mu omi, ó lè hó ní 140. DOT 4 jẹ́ 230 ní tuntun, 155 bí ó bá ti mu omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè bọ̀ wá sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ẹrù, ẹ mọ bí bíréèkì ti ń gbóná tó. Bí epo bá hó, yóò di oruku gbígbóná, oruku náà yóò fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ yóò sì lọ sí ilẹ̀ọ́lẹ̀. Agolo tí wọ́n ti ṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ má lò ó. Ẹni tó bá ń bu omi ọṣẹ sí bíréèkì ń wa pósí ni, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí gíà kékeré bá yín di ọkọ̀ mú lórí òkè, kí ẹ má di gbogbo rẹ̀ lé bíréèkì lórí.

Èkeje ni títú afẹ́fẹ́ jáde. Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹ fi hóòsì kékeré tí a lè rí inú rẹ̀ sí orí nípù, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ìgò tó ní epo bíréèkì díẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò tẹ bíréèkì, yóò sì dì í mú. Ẹni tó wà nídìí táyà yóò tú nípù, epo yóò jáde, yóò sì dì í padà kí ẹni kìíní tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa bu epo kún ibi ìpamọ́ epo lókè, kí ó má tán láé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí máásítà, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ nǹkan mìíràn.

Níbí yìí ni a nílò ọgbọ́n àwọn ará Iléṣà. Gbogbo yín mọ ìtàn Òṣómàáló. Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó tajà àwìn, tó dé ilé onígbèsè, tó lóṣòó, tó ní lórí ìlóṣòó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Kò gba “padà wá lọ́la.” Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lóṣòó sídìí táyà. Ẹ má dìde nígbà tí ìfófòó bá dín kù. Ẹ dìde nígbà tí ó bá tán. Bíréèkì gbọ́dọ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ó dúró síbi kan náà, kí ó má rì bí a bá dì í mú fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bíréèkì lọ́pọ̀ ìgbà kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí páàdì kò tíì sún mọ́ dísìkì. Ẹ dán an wò jẹ́jẹ́ ní ibi tó tẹ́jú, láìgbé èrò. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo ń jò, kí ẹ sì tún di nọ́ọ̀tì táyà. Ẹni tí kò bá ṣe é rí, kí ó pe mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, kí ó jókòó tì í, kí ó máa wò. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin ará, kí ni eléyìí kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Ó kàn án lọ́nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, Òfin Ẹ̀san fún Òṣìṣẹ́ tí ọdún 2010 wà fún ẹni tó fara pa nítorí iṣẹ́ tí a gbà á sí. Bí jáàkì bá yẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yín, kò sí ẹni tí akọ̀wé wa fẹ́ kọ ìwé sí. Ìyàwó àti ọmọ ni yóò gbé gbogbo ẹrù náà.

Èkejì, a ń dábàá pé kí ẹ̀ka wa fi owó ẹgbẹ́ ra sítáńdì irin mẹ́rin, wẹ́ẹ̀jì igi, àti sípánà tí ń wọn agbára tí a fi di bọ́ọ̀tì. Kí ó wà ní ọ́fíìsì, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a, kí ó máa fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì dá a padà. Kò tó owó ìsìnkú ẹnì kan.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Awakọ̀ pọ̀ láàrin yín tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń sọ fún pé, “Mánéèjì ẹ̀ títí di òpin oṣù.” Awakọ̀ mọ̀ pé bíréèkì kò dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1981, Àjọ Àgbáyé Lórí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe àdéhùn kan ní Geneva, nọ́mbà rẹ̀ ni 155. Ó sọ pé kí a dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ó rí ìdí pàtàkì láti gbà pé ewu ńlá wà lójú iṣẹ́ náà fún ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1994. Ní ilẹ̀ tiwa níbí pàápàá, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká kó ipa nínú rẹ̀, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Àwọn àgbà wa ti rí i tipẹ́ pé ikú ojú ọ̀nà kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run nìkan.

Nítorí náà, awakọ̀ tó bá sọ pé, “N kò gbé èyí jáde, bíréèkì rẹ̀ kò dára,” kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kí ó sì wá bá wa lójú ẹsẹ̀. A ó bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. A kò ní jẹ́ kí ó nìkan dúró.

Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni a ó fi sọ fún ọ̀gá pé “mánéèjì” kò dára, bí àwa fúnra wa bá ń sọ “ó tó bẹ́ẹ̀” ní ẹ̀yìnkùlé wa? Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ lágbára láti kọ ọkọ̀ tí kò dára níbi iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ nílé. Bí ẹsẹ̀ yín bá sọ fún yín ní alẹ́, ẹ má gbé ọmọ ẹlòmíràn ní àárọ̀.

Òṣìṣẹ́ kò ní kú ikú àìpé iṣẹ́. Bí a ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa bọ̀.